Dẹ́rẹ́bà Tó Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Pa Ẹ́ńjìnì

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe iná orí òpó tó wà lójú títì. Iná inú kọ̀ǹpútà àti inú fóònù ni. Mo fẹ́ kí a jọ wo bí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó wà nínú wọn ṣe ń sùn, bí wọ́n ṣe ń jí, àti ẹni tó ń sọ fún wọn pé àkókò tó láti sùn tàbí láti jí.

Ẹni tó bá ń gbé ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó kò nílò àlàyé púpọ̀ kó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan òun. NEPA la mọ̀ látijọ́. Ní ọdún 2005 ó di PHCN. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù November ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ BEDC tó fi ìlú Benin ṣe ibùjókòó ló sì gba ìpínlẹ̀ mẹ́rin: Edo, Delta, Èkìtì àti Oǹdó. Orúkọ yí padà lẹ́ẹ̀kan, ó yí padà lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n bí iná bá dé lójijì, igbe tí àwọn ọmọdé ń ké kò yí padà: “Up NEPA!” Ìgbà tí iná kò bá sì sí, jẹnẹrétọ̀ ni. Ẹ rántí ọjọ́ 29 oṣù May ọdún 2023, tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó jálá kan ju ìlọ́po méjì lọ. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń tan jẹnẹrétọ̀ ń ka ìṣẹ́jú bí ẹni ń ka owó.

Ẹ wá wo àwọn tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ láàárín wa. Àkúrẹ́ ni yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí à ń pè ní FUTA wà, láti ọdún 1981. Oǹdó ni Adéyẹmí wà, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó ti di yunifásítì báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lóru, oníṣòwò tó ń gba owó lórí fóònù, olùkọ́ tó ń ṣètò máàkì àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, bátìrì ni gbogbo wọn gbójú lé. Ká sọ pé bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká kan lè pèsè wọ́ọ̀tì 48 fún odidi wákàtí kan. Bí kọ̀ǹpútà náà bá ń jẹ wọ́ọ̀tì 12, wákàtí 4 péré ni bátìrì yóò fi gbé e. Bí a bá rí ọgbọ́n dá tí oúnjẹ rẹ̀ fi dín kù sí wọ́ọ̀tì 8, wákàtí 6 ni. A kò ra bátìrì tuntun, a kò sì ra epo kún epo, síbẹ̀ wákàtí 2 ti wọlé fún wa. Níbo ló ti wá? Láti ọwọ́ àwọn ẹ̀rọ tí kò níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, tí a sì jẹ́ kí wọ́n sùn.

Ọ̀rọ̀ méjì wà tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń lò tó lè pa yín lẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ inú gáréèjì ni méjèèjì: bọ́ọ̀sì àti dẹ́rẹ́bà.

Bọ́ọ̀sì inú kọ̀ǹpútà kò ní táyà. Ọ̀nà ni. Ọ̀nà àjùmọ̀lò tí ìròyìn ń gbà lọ láti ọ̀dọ̀ ọpọlọ kọ̀ǹpútà sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn, tó sì ń gbà padà. Síbẹ̀ orísun kan náà ni orúkọ rẹ̀ àti ti bọ́ọ̀sì ojú títì ti wá: ọ̀rọ̀ èdè Látìn kan, omnibus, tó túmọ̀ sí “fún gbogbo ènìyàn.” Ọmọ ilé ìwé tó bá ti ki fìláàṣì bọ ara kọ̀ǹpútà rí ti lo bọ́ọ̀sì láìmọ̀, nítorí bọ́ọ̀sì ni lẹ́tà tó kẹ́yìn nínú USB dúró fún. Ọdún 1996 ni USB jáde. Òmíràn wà tó ń jẹ́ PCI, tó jáde ní 1992, tí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti káàdì àwòrán máa ń so mọ́. Òmíràn tún wà tó ń jẹ́ I2C, tí ilé iṣẹ́ Philips ti ilẹ̀ Netherlands gbé jáde ní 1982. Wáyà méjì péré ni èyí ń lò, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù tó wà nínú àpò yín.

Dẹ́rẹ́bà náà kì í ṣe ènìyàn. Ètò ni, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní bí a ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Bí ará Oǹdó bá fi ẹ̀ka èdè rẹ̀ sọ̀rọ̀ kíákíá níwájú ará Ọ̀yọ́, ó lè gba ògbufọ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn yé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kámẹ́rà, máùsì, àti ẹ̀rọ Wi-Fi. Dẹ́rẹ́bà kọ̀ọ̀kan mọ èdè ẹ̀rọ tirẹ̀, òun ló ń gbàṣẹ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà tó ń jíṣẹ́ fún ẹ̀rọ. Nítorí pé òun ló sún mọ́ ẹ̀rọ jù, òun náà ló yẹ kó mọ ìgbà tí ẹ̀rọ náà lè sinmi.

Oríṣi oorun méjì ló wà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a pa wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá pa ìdérí kọ̀ǹpútà alágbèéká dé, gbogbo rẹ̀ ló ń sùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ìlú bá sùn lóru. Èyí kì í ṣe èyí tí mò ń wí. Èyí tí mò ń wí ni ti ọ̀sán gangan, tí ẹ ń kọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà lọ, tí kámẹ́rà tí ẹ kò lò ti sùn, tí ẹ̀rọ ohùn ti sùn, tí ojú ihò tí ẹ máa ń ki káàdì bọ ti sùn, tí ẹ kò sì mọ̀. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì orin, ẹ̀rọ ohùn jí, ó kọrin, nígbà tí orin parí, ó padà sùn. Ilé ò sùn, yàrá tí kò sí ẹni nínú rẹ̀ ló paná.

Ẹ padà sí gáréèjì pẹ̀lú mi. Ọkọ̀ tó ń lọ láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó dúró, ó ń dúró de èrò. Bí dẹ́rẹ́bà bá jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tó fi ń dúró, epo rẹ̀ ń lọ, kò sì gbé ẹnikẹ́ni dé ibì kankan. Dẹ́rẹ́bà ọlọ́gbọ́n á pa á. Ó dà bí ohun tó rọrùn, àbí? Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn. Èkíní, ṣé ó dá a lójú pé kò sẹ́ni tó nílò ọkọ̀ náà báyìí? Èkejì, mélòó ni yóò dúró kó tó pa á? Ẹ̀kẹta, bí èrò bá dé, ṣé yóò tètè jí? Orí ìbéèrè mẹ́ta yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé.

Ìbéèrè èkíní: ta ló ń lò ó? Kọ̀ǹpútà kì í fojú díwọ̀n èyí, òǹkà ló ń lò. Kókó Linux, tí ó jẹ́ ọkàn ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà láyé, tí Android inú fóònù wa náà sì dúró lé lórí, fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní òǹkà tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ lo ẹ̀rọ náà, ó ń ké sí àṣẹ tí wọ́n ń pè ní get, òǹkà sì ń fi ẹyọ kan lé sí i. Bí ó bá parí iṣẹ́, ó ń ké sí put, òǹkà sì ń fi ẹyọ kan dín. Bí òǹkà bá wà ní 3, ẹni mẹ́ta ló ṣì wà nínú ọkọ̀. Bí ó bá di 0, kò sí ẹnì kankan mọ́, ìgbà náà nìkan ni a lè bi dẹ́rẹ́bà pé, “Ṣé kí ó sùn?” Bí iṣẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an, dẹ́rẹ́bà ní ẹ̀tọ́ láti dáhùn pé, “Ọwọ́ mi kò tíì dilẹ̀,” ẹ̀rọ náà kò sì ní sùn.

Òǹkà yìí kò dúró sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí bọ́ọ̀sì ní òbí àti ọmọ. Ẹ wo ìkóríta USB kan tí máùsì, kíbọ́ọ̀dù àti fìláàṣì so mọ́. Ìkóríta náà ni òbí, àwọn mẹ́ta yòókù ni ọmọ. Nínú agbo ilé wa, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ló ń ti ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà, ẹni tó bá kẹ́yìn ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Òbí kò gbọdọ̀ sùn níwọ̀n ìgbà tí ọmọ kan bá ṣì lajú. Bí gbogbo ọmọ bá ti sùn, òbí lè sùn, bí òbí ìkóríta náà bá sì wà lókè tí kò níṣẹ́, òun náà lè tẹ̀ lé e. Jíjí ló wá ń lọ ní ìdàkejì: òbí tó ga jù ni yóò kọ́kọ́ jí, kó tó kan ìkóríta, kó tó kan máùsì. Bí ojú títì kò bá tíì ṣí, kí ni ọkọ̀ fẹ́ gbà kọjá?

Ìbéèrè èkejì: mélòó ni ká dúró? Dẹ́rẹ́bà tó bá ń pa ẹ́ńjìnì ní gbogbo ìgbà tí èrò kan bá sọ̀, tó tún ń ṣáná sí i bí òmíràn ti ń gòkè, yóò pa bátìrì ọkọ̀ run, epo tó rò pé òun fi pamọ́ kò sì ní tó nǹkan. Jíjí ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà náà ń náni ní iná àti ní àkókò. Nítorí náà, a kì í pa á lójú ẹsẹ̀. A ń fún un ní àkókò ìdúró. Lórí USB, ìṣẹ́jú àáyá 2 ni Linux fi lélẹ̀ bí a kò bá yí i padà. Bí iṣẹ́ tuntun bá dé kí ìṣẹ́jú àáyá 2 náà tó pé, a bẹ̀rẹ̀ kíkà lákọ̀tun. Ẹni tó ń kọ dẹ́rẹ́bà ló gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀rọ rẹ̀: èyí tó ń tètè jí lè ní ìdúró kúkúrú, èyí tó ń pẹ́ jí, kí a fún un ní èyí tó gùn.

Ìbéèrè ẹ̀kẹta: báwo ni yóò ṣe jí? Kó tó sùn, ẹ̀rọ ní láti rántí ibi tó bá iṣẹ́ dé. Télọ̀ tó fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù á kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà sínú ìwé, nítorí bí ó bá fi sórí nìkan, ó lè gbàgbé kó tó di ọ̀la. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń gbàgbé gbogbo ètò tí a ṣe fún wọn bí a bá gé iná wọn pátápátá. Nítorí náà, dẹ́rẹ́bà á ka ètò wọ̀nyẹn jáde, á tọ́jú wọn, nígbà tí ẹ̀rọ bá jí, á kọ wọ́n padà bí wọ́n ṣe wà.

Lórí bọ́ọ̀sì PCI, oorun ní ìpele. D0 ni ojú lílà. D1 àti D2 dà bí ìtòògbé. D3 ni oorun wọra, òun náà sì pín sí méjì: èyí tí iná díẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀rọ, àti èyí tí a gé iná rẹ̀ pátápátá. Bí káàdì bá fẹ́ jí láti D3 àkọ́kọ́ sí D0, òfin PCI ní kí a fún un ní ìdá 10 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kí ó fi nu ojú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀.

USB ní òfin tirẹ̀. Bí ojú ọ̀nà bá dákẹ́ fún ìdá 3 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ẹ̀rọ orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n ní kí òun sùn. Nígbà iṣẹ́, ẹ̀rọ USB 2.0 lè gba iná tó tó mílíáńpíà 500. Nígbà oorun, kò gbọdọ̀ ju 2.5 lọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ ṣírò rẹ̀: ẹ pín 500 sí 2.5, ẹ ó rí 200. Oúnjẹ igba ènìyàn ti di oúnjẹ ẹnì kan. Láti jí i, kọ̀ǹpútà á fi àmì sórí ọ̀nà fún ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ó kéré tán. Kò gùn tó ìṣẹ́jú ojú ènìyàn.

Ẹ̀rọ kan tún wà tó lè jí ara rẹ̀. Bí máùsì bá sùn, tí ẹ sì fọwọ́ kàn án, òun fúnra rẹ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn pé, “Mo ní iṣẹ́ o.” Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a yọ wáyà rẹ̀ lè sùn, kí ó sì ránṣẹ́ sókè nígbà tí wáyà bá padà wọlé. Ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà gbọ́dọ̀ ti fún un láṣẹ láti kanlẹ̀kùn kó tó sùn. Bí dẹ́rẹ́bà bá gbàgbé èyí, ẹ̀rọ náà sùn bí òkú ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ọ̀ràn nìyí. Láti ọdún 2013 ni JAMB ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì, nígbà tó sì di 2015, gbogbo ọmọ tó ń ṣe é ló ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ro ọmọ tó jókòó sí gbọ̀ngàn ìdánwò ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, tí aago ń sáré lójú rẹ̀. Ó ronú lórí ìbéèrè ìṣirò kan fún ìṣẹ́jú méjì láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Máùsì sùn. Nígbà tó rí ìdáhùn, ó ti máùsì, ó tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn, nítorí pé máùsì ṣì ń jí lọ́wọ́, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ sì sọnù. Bí dẹ́rẹ́bà bá dára, ọmọ náà kò ní mọ̀ pé máùsì sùn rárá. Bí kò bá dára, àyà rẹ̀ á já. Ó dára tí JAMB fi àyè sílẹ̀ kí ọmọ lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré dáhùn lórí kíbọ́ọ̀dù láìlo máùsì: A, B, C àti D fún ìdáhùn, àti mẹ́rin mìíràn fún àwọn iṣẹ́ bíi lílọ síwájú, pípadà sẹ́yìn àti fífi ìwé sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra sílẹ̀, ẹ kọ́ ọ.

Nítorí irú ìṣòro yìí ni Linux kò fi gbà pé kí gbogbo ẹ̀rọ USB máa sùn láìbéèrè. Ìkóríta nìkan ni ó ń gbà láàyè láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù, ó di ìgbà tí olùtọ́jú kọ̀ǹpútà bá fọwọ́ sí i, nítorí àwọn kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń sùn dáadáa ṣùgbọ́n tí wọn kì í jí dáadáa. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ẹ̀rọ apirọrọ pọ̀ lọ́jà: ó ní òun ti sùn, iná ló ṣì ń jẹ, tàbí kí a pè é títí kó má dáhùn.

Ẹ̀bi náà kì í sábà jẹ́ ti ẹ̀rọ nìkan. Ó lè jẹ́ ti ẹni tó kọ dẹ́rẹ́bà. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí a ké get, kí a gbàgbé put. Òǹkà kò ní padà sí 0 mọ́, ẹ̀rọ kò ní sùn mọ́ títí a ó fi pa kọ̀ǹpútà. Kò sí ohun tó bàjẹ́, kò sí ìkìlọ̀ lójú, bátìrì kàn ń tán kí àkókò rẹ̀ tó pé ni, oníkọ̀ǹpútà á sì máa bú ẹni tó ta bátìrì fún un. Èkejì ni kí a ké put ju bó ṣe yẹ lọ. Òǹkà á di 0 nígbà tí ènìyàn ṣì wà nínú ọkọ̀. Ẹ̀rọ á sùn láàárín iṣẹ́. Bí ẹnì kan bá bi káàdì PCI tó ti sùn wọra léèrè ọ̀rọ̀, kìkì 1 ni yóò rí gbà ní ìdáhùn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dẹ́rẹ́bà tí kò bá fura lè gbà á bí òótọ́, kó sì fi ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín tó ṣẹlẹ̀ nítòótọ́. Àṣẹ kan wà nínú Linux tó ń jẹ́ pm_runtime_get_sync. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi ẹyọ kan lé òǹkà, kó sì jí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò jí, àṣẹ náà ń padà wá sọ pé kò ṣeé ṣe, òǹkà kò sì dín. Ó dà bí kọ́ńdọ́ tó kọ orúkọ èrò sínú ìwé kí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó ṣí. Ilẹ̀kùn há, èrò bínú lọ sílé, orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé, dẹ́rẹ́bà sì ń dúró de ẹni tí kò ní wá mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ dẹ́rẹ́bà, tó fi mọ́ àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà, ni kò kíyè sí i. Ní òpin ọdún 2020, nínú Linux 5.10, a fi àṣẹ tuntun kún un, pm_runtime_resume_and_get, tó ń pa orúkọ náà rẹ́ fúnra rẹ̀ bí jíjí kò bá ṣeé ṣe. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe ìgbà tí nǹkan bá ń lọ déédéé nìkan ni a fi ń mọ oníṣẹ́ tó dára. Ohun tó ṣe nígbà tí ilẹ̀kùn kọ̀ tí kò ṣí ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Lórí PCI, Linux ní ìṣọ́ra kan tó dà bí ti onílé tó gba àlejò tuntun. Kí dẹ́rẹ́bà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ á ti di ẹyọ kan mú nínú òǹkà, kí ẹ̀rọ má bàa sùn lójú dẹ́rẹ́bà tí kò mọ ohunkóhun nípa oorun. Dẹ́rẹ́bà tó bá mọ̀ ọ́n ni yóò tú ẹyọ náà sílẹ̀ tí yóò ní, “Mo lè tọ́jú rẹ̀.” Nígbà tó bá sì ń kúrò, ó gbọ́dọ̀ dá ẹyọ náà padà. Ohun tí a yá, a dá a padà.

Ọgbọ́n yìí kò dé lọ́jọ́ kan. Ní 1992, Intel àti Microsoft gbé ètò kan tó ń jẹ́ APM jáde. Ní oṣù December 1996, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Toshiba ti ilẹ̀ Japan gbé ACPI jáde, tó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè mọ agbára oorun ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Lórí Linux, bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ ń ṣe tirẹ̀. Ní oṣù December 2009, pẹ̀lú Linux 2.6.32, ọmọ ilẹ̀ Poland kan, Rafael Wysocki, fi ètò kan ṣoṣo lélẹ̀ tí gbogbo bọ́ọ̀sì lè jọ lò: òǹkà, òbí àti ọmọ, ìdúró, àti jíjí tí mo ti ń wí láti òwúrọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Òun náà ló wà nínú fóònù Android tí ẹ fi ń pe ẹbí yín.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà Linux, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní àpótí kan tó ń jẹ́ power, fáìlì kékeré kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ control. Bí “auto” bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ náà láṣẹ láti sùn. Bí “on” bá ni, kò láṣẹ. Fáìlì kejì tó ń jẹ́ runtime_status ń sọ bóyá ó ń sùn lọ́wọ́ báyìí tàbí ó lajú. Ètò kan tún wà tó ń jẹ́ PowerTOP, tí Intel gbé jáde ní 2007, tó ń fi hàn wá ẹni tí kò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sinmi. Ẹni tó ń lo Windows, kí ó wá ibi tí a ti ń ṣètò iná fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, yóò rí àyè tí a ti ń gba kọ̀ǹpútà láyè láti pa ẹ̀rọ náà kó lè dín iná kù. Bí máùsì yín bá ń lọ́ra lẹ́yìn ìsinmi díẹ̀, ẹ mú àṣẹ oorun kúrò lórí òun nìkan. Ẹ má ṣe mú un kúrò lórí gbogbo ẹ̀rọ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹyọ kan. Ẹ yọ fìláàṣì tí ẹ ti lò tán, ẹ sì pa kámẹ́rà àti Bluetooth tí ẹ kò lò, nítorí ètò tó gbà wọ́n ló ń di òǹkà wọn mú.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Láti ìgbà tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ti gbé Linux jáde ní 1991, gbogbo ohun tí a kọ sínú rẹ̀ wà ní gbangba. Ọmọ Àkúrẹ́ lè kà á. Ọmọ Oǹdó lè kà á. Kò sí owó ìwọlé. Bí ẹ bá dàgbà tí ẹ sì di ẹni tó ń kọ dẹ́rẹ́bà, ẹ rántí pé ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, tó wà níbi tí iná kò sí, ló ń san owó gbogbo put tí ẹ gbàgbé. Àwa tí a mọ iyì wákàtí kan lórí bátìrì ni ó yẹ kó mọ iṣẹ́ yìí ju ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ. Ẹ ka iye àwọn tó wọlé, ẹ ka iye àwọn tó jáde, kí ẹni tó bá kẹ́yìn sì paná.

Ó dìgbà kan ná o.